Òfin Ayé Tí A Kò Tíì Dé: Èrò Olólùfẹ́ Ìtàn Sáyẹ́ǹsì Kan Lórí Fíìmù àti Géèmù

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi, ìyẹn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, bó ṣe wà nínú fíìmù àti nínú géèmù. N kò wá ka orúkọ fíìmù fún yín. Ẹjọ́ kan ni mo wá rò.

Ẹjọ́ náà nìyí. Ohun tó ń gbé ìtàn sáyẹ́ǹsì níyì ni òfin tó bá là sílẹ̀ fún ayé rẹ̀, tí kò sì yẹ̀ é títí ìtàn fi parí. Ọkọ̀ tó ń fò, ìbọn tó ń pọ iná, ẹ̀dá olórí gbọọrọ, ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn. Bí a bá fẹ́ sọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ di géèmù, òfin ayé náà ló yẹ kí a kó lọ. Ẹni tó kó ọ̀ṣọ́ lọ, tó fi òfin sílẹ̀, lè rí i tà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ibi tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ọpọ́n lè jẹ́ igi ìrókò tí wọ́n fín lọ́nà, ó sì lè jẹ́ ihò méjìlá tí àwọn ọmọdé gbẹ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. A lè fi òkúta wẹ́wẹ́ ta á. Ayò náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní mẹ́ta-mẹ́ta ni òun yóò kó sí ojúlé kọ̀ọ̀kan dípò mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí pé òun lè jẹ níbikíbi tó bá wu òun, àwọn òǹwòran á ní kó dìde fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni géèmù orí kọ̀ǹpútà rí láti ìpìlẹ̀, ìtàn sáyẹ́ǹsì sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ náà lélẹ̀. Lọ́dún 1962, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Spacewar! sórí kọ̀ǹpútà PDP-1. Ìwé ìtàn E. E. Smith, tó kún fún ogun láàárín ìràwọ̀, ló ru Russell sókè. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú ẹ̀rọ náà kò ju ọkọ̀ méjì àti ìràwọ̀ kan láàárín lọ. Àmọ́ ìràwọ̀ náà ní òòfà, ó ń fa ọkọ̀ méjèèjì mọ́ra láìdáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá ro ti òòfà yẹn mọ́ ìrìn rẹ̀, kó tó di pé ọ̀tá yìnbọn lù ú, ìràwọ̀ ti gbé e mì. Kò sí òṣèré, kò sí orin, síbẹ̀ sánmà wà níbẹ̀, nítorí òfin sánmà wà níbẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Fíìmù E.T. ti Steven Spielberg jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1982, gbogbo ayé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Atari fẹ́ kí géèmù rẹ̀ wà lórí àtẹ kó tó di ọdún Kérésì, nítorí náà nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni Howard Scott Warshaw rí fi ṣe é. Orúkọ àti àwòrán E.T., àjèjì inú fíìmù náà, wọ inú géèmù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó máa ṣubú sínú kòtò, kó máa tún gòkè, kó máa wá ẹ̀yà tẹlifóònù kiri. Ìfẹ́ tó wà láàárín ọmọdé kan àti àjèjì tí kò ní ẹbí láyé kò bá wọn débẹ̀. Ní 1983, Atari kó ẹrù géèmù tí kò tà lọ rì mọ́lẹ̀ ní Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico, àwọn kan sì hú lára rẹ̀ jáde ní 2014.

Ọmọ Èkó tó wọ awọ ẹ̀dá àjèjì

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí kalẹ̀ sí jù ni Alien, tí Ridley Scott ṣe, tó jáde ní 1979. Àwọn òṣìṣẹ́ méje wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Nostromo, láàárín sánmà, níbi tí a kò ti lè ké sí aládùúgbò. Ẹ̀dá kan wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ tó mọ fíìmù náà ni kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló wà nínú awọ yẹn. Bọ́lájí Bádéjọ ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1953. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ọ̀kan lára àwọn tó ń wá òṣèré fún fíìmù náà rí i ní ilé ọtí kan. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹsì 10, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹni tó bá rí i nínú awọ náà kò ní rò pé èèyàn ló wà níbẹ̀. H. R. Giger, ayàwòrán ará Switzerland, ló ya ẹ̀dá náà. Wọ́n kọ́ Bádéjọ ní tai chi àti eré aláìfọhùn kí ìrìn rẹ̀ lè falẹ̀, kó má jọ ìrìn ọmọ ènìyàn. Nítorí pé ìrù awọ náà kò jẹ́ kó lè jókòó, wọ́n so nǹkan kan bíi jangilọ́fà kalẹ̀ tó fi ń sinmi. Kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́ títí tó fi kú ní Èkó lọ́dún 1992.

Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a fi ń rí Bádéjọ nínú rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: a kì í rí ẹ̀dá náà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Èkejì ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ásíìdì tó ń jẹ irin. Bí ẹ bá yìnbọn lù ú, ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ dúró lé lẹ máa lu, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú òfin méjì yìí, ìbọn di ohun tí kò wúlò, ọgbọ́n nìkan ló kù.

Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Gearbox gbé Aliens: Colonial Marines jáde, èyí tí wọ́n gbé ka fíìmù kejì tí James Cameron ṣe ní 1986. Aṣọ àwọn sójà pé, ìbọn wọn pé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ̀ wọn pé. Àwọn ẹ̀dá náà sì ń rọ́ wá síwájú ìbọn, a sì ń yìn wọ́n lulẹ̀. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣàwárí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó pọ̀ jù nínú fáìlì géèmù náà wà lára ohun tó ń da orí àwọn ẹ̀dá náà rú. Àwọn kan wá sọ pé lẹ́tà yẹn ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ̀dá á gbọ́n sí i díẹ̀, ìbọn á sì tún wà lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ní 2014, ilé-iṣẹ́ Creative Assembly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Alien: Isolation jáde. Ìtàn mìíràn ni: ọmọbìnrin Ripley, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ méje inú fíìmù àkọ́kọ́, ló ń wá ìyá rẹ̀. Ẹ̀dá kan ṣoṣo ló ń lépa rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré náà, kò sì sí ohun ìjà tó lè pa á. Iná wulẹ̀ lè lé e sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe orí ẹ̀dá náà. Ọpọlọ méjì ló ní. Èkínní mọ ibi tí ẹni tó ń gbá géèmù wà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tú àṣírí rẹ̀. Ó kàn ń júwe àdúgbò tó yẹ kí ẹ̀dá náà yà sí ni. Èkejì ni ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ fi ojú àti etí ara rẹ̀ wá a. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í jìnnà sí wa, kì í sì í rẹ́ wa jẹ. Kódà ẹ̀rọ tó ń sọ fún wa pé ó ń bọ̀ ń dún, òun náà sì lè gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Fíìmù ni àfojúbà. Géèmù tún wá fi ọwọ́ wa sí i: ẹ̀rù tó ba Ripley ní 1979, àwa la ń gbé e báyìí, torí bí a bá sáré nígbà tó yẹ ká yọ́, ẹ̀bi wa ni.

Agbègbè tí ewu kì í ti hàn

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Sófíẹ́ẹ̀tì, Arkady àti Boris Strugatsky, gbé ìwé Roadside Picnic jáde ní 1972. Àwọn àjèjì ti yà sí ayé, wọ́n sì ti lọ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n yà sí ti di agbègbè eléwu, níbi tí ilẹ̀ kan tó tẹ́jú lè fún èèyàn pa láìsí ohun tí ojú rí. Ẹni tó bá yọ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù síwájú, kó wo bó ṣe balẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀.

Andrei Tarkovsky sọ ìwé yìí di fíìmù Stalker ní 1979, ó sì yí ìtàn rẹ̀ padà gidigidi. Koríko, omi àti ilé àwókù la ń wò. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí idán kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí afinimọ̀nà so aṣọ mọ́ nọ́ọ̀tì tó jù ú, ẹ̀rù koríko ń bà wá.

Ní 2007, ilé-iṣẹ́ GSC Game World ní Kyiv gbé S.T.A.L.K.E.R.: Shadow of Chernobyl jáde. Wọn kò sọ ìtàn ìwé náà, wọn kò sì sọ ti fíìmù. Wọ́n gbé agbègbè náà lọ sí Chernobyl, níbi tí ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti bú gbàmù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986. Ilẹ̀ yẹn ti mọ ewu tí kì í hàn: ìtànṣán kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Bóòtù sì wà lọ́wọ́ wa láti jù síwájú. Ìwé, fíìmù, géèmù: ìtàn mẹ́ta, òfin kan. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, apá kan lára àwọn òṣìṣẹ́ GSC kó lọ sí Prague, síbẹ̀ wọ́n parí apá kejì géèmù náà, ó sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Bí géèmù bá ń lọ di fíìmù ńkọ́?

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣebí The Last of Us, géèmù ọdún 2013, di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2023, tí wọ́n sì kó ìtàn rẹ̀ lọ lódindi? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo abala kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn yìn jù, ti Bill àti Frank. Nínú géèmù, ní ti Frank, òkú rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ nìkan la bá. Eré tẹlifíṣọ̀n fún wa ní ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ gbé. Òǹwòran kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, nítorí náà ó ní sùúrù láti wo bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Òfin ayé náà, pé ẹni tí o bá fẹ́ràn lè sọ ọ́ di aláìláàánú, kò yí padà.

District 9 ti 2009 náà ti inú ọ̀rọ̀ géèmù jáde. Neill Blomkamp àti Peter Jackson fẹ́ sọ géèmù Halo di fíìmù, ètò náà fọ́ lọ́dún 2006, ni wọ́n bá yí sí èyí. Nínú ìtàn rẹ̀, wọ́n kó àwọn àjèjì sínú àgọ́ ní Johannesburg, ọkùnrin tó sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀kan lára wọn díẹ̀díẹ̀. Òfin rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí kan náà ya gbogbo ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀ ní ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara àwọn àjèjì, ó sì pe olórí wọn ní Obesandjo. Mínísítà fún ètò ìròyìn nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, ní kí àwọn ilé sinimá dá a dúró. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ fíìmù. Ẹ̀sùn tèmi ni pé ó rú òfin ara rẹ̀: ó ní ká má ṣe fi ìrísí dá ẹ̀yà kan lẹ́jọ́, ó wá fi ìrísí dá àwa lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń ṣe é nílé

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Disney àti àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali gbé Iwájú jáde, eré alápá mẹ́fà lórí Èkó ọjọ́ iwájú. Olówó wà ní erékùṣù, tálákà wà ní òdìkejì omi, ìpín yẹn sì ni òfin ayé rẹ̀. Inú mi dùn sí i, inú mi sì dùn pé Maliyo Games tó wà ní Èkó ló ṣe géèmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù oúnjẹ sísè ni. A ń se oúnjẹ wa fún oníbàárà kí àkókò tó tán, ó dára, ó sì dùn. Òfin omi tó pín ìlú sí méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ wa, òun gan-an ni kò bá wa débẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó ya ọkọ̀ kan tó ń fò lórí afárá Third Mainland, ẹ kọ òfin kan sílẹ̀ tó ń dunni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó kò wúlò lórí afárá náà mọ́, pé ìrántí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Bí ẹ bá fi ṣe fíìmù, ẹ fi ojú ìyá kan hàn wá, tó délé lálẹ́ tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fi ṣe géèmù, ẹ gbé ìrántí mẹ́wàá sọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà, kí ẹ ní ká mú èyí tí a ó fi sanwó. Òfin kan náà ló máa bí méjèèjì, kò sì ní sí èyí tó jẹ́ àdàkọ èkejì.