Ẹ Má Wó Ògiri Tí Ẹ Kò Mọ



Àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọmọ ọ̀sà ni wá. Bí a bá gbọ́ “iyanrìn”, tipa, búlọ́ọ̀kù àti ilé ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sà wa àti òkun ńlá, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba Lẹ́kkí àti Ìbẹ̀jú kọjá. Iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òun ni ògiri tí kò jẹ́ kí ìgbì òkun wá bá wa nílé. Ẹ ka Jeremáyà 5:22, ẹ ó rí Ẹni tó fi iyanrìn ṣe ààlà òkun. Kì í ṣe àwa.

Báwo ni ògiri yìí ṣe ń dúró? Ìgbì ń kó iyanrìn wá sí etí òkun, atẹ́gùn á sì gbé èyí tó gbẹ lọ sókè. Bó bá kan ewéko, á dúró, á di òkìtì. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ń fà nílẹ̀: òdòdó rẹ̀ jọ ti ànàmọ́, ewé rẹ̀ dà bí pátákò ewúrẹ́. Iyọ̀ òkun kì í pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di iyanrìn mú. Ẹni tó bá hú u, ògiri ló ń tú.

Àwọn ẹ̀dá ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú. Akàn kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí iyanrìn gan-an. Lálẹ́ ló ń jáde wá jẹ òkú ẹja tí omi gbé sílẹ̀. Ìjàpá òkun náà ń gòkè wá lóru. Á gbẹ́ ihò lókè ibi tí omi ń dé, á yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún, á bò wọ́n, á padà sínú òkun. Ní bí oṣù méjì, wọ́n á pa. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ni àwọn ọmọ náà fi ń mọ ọ̀nà omi. Bí iná ilé ìgbafẹ́ bá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, títì ni wọ́n á forí lé, ibẹ̀ ni wọ́n á kú sí. Àdéhùn àgbáyé CITES, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, ka títà wọn sókè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń pa wọ́n jẹ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọ èbúté. Iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ há sẹ́yìn òkúta. Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ wọlé. Nígbà tó yá, àwọn ará abúlé Òkun Alfa náà ń pàdánù ilé àti títì. Ẹni tó jẹ èrè èbúté kọ́ ló pàdánù ilé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń fi tipa iyanrìn bọ́ ọmọ. N kò wá bú yín. Iyanrìn tí a ó fi kọ́lé, ibì kan la ó ti wà á. Ìbéèrè mi ni pé: níbo? Ẹ má wa òkìtì etí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ nílé níbẹ̀, ẹ pa iná tó kọjú sí òkun lóru. Ẹ̀yin apẹja, bí ìjàpá òkun bá há sínú àwọ̀n, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá ní Lẹ́kkí, tó ti wà láti 1990, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Àwọn ọmọ tí à ń kọ́lé fún ni yóò gbé ẹ̀yìn ògiri yìí lẹ́yìn wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a lórí ìdúró.