Níbo Lẹ Ó Sùn ní Àbújá? Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Hòtẹ́ẹ̀lì àti Ibùwọ̀ Mìíràn ní Olú-Ìlú Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ yìí wá bá mi nílé, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ní rárá o. Mo ní ibi tí ènìyàn ń sùn ní Àbújá ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Akọ̀wé wa wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ wá polówó hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fọkàn balẹ̀. N kò ní hòtẹ́ẹ̀lì, n kò sì bá ẹnikẹ́ni ta yàrá.

Ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Láyé ìgbà kan, ará Narayi kì í sùn ní Àbújá bí kò bá wù ú. A ó jí ní ìdájí, a ó gba Gonin Gora bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, a ó ṣe ohun tí a bá lọ ṣe, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ti padà sílé tí a ń jẹ ẹ̀bà. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn wa rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ ọdún 2016, a dúpẹ́, a ní ọ̀nà ti là. Àmọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2022, wọ́n kọ lu ọkọ̀ ojú irin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn tó lé ní 60 wọ igbó lọ, oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn tó kẹ́yìn tó jáde, oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ọkọ̀ tó tún rìn. Láti ìgbà náà, ta ni nínú wa tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yẹn? Ọkọ̀ ojú irin sì ní àkókò tirẹ̀, Rigasa ló ti ń gbéra, ẹ sì mọ̀ pé kí ará Narayi tó dé Rigasa, ó ti la gbogbo Kaduna já. Nítorí náà, bí ìwé bá pè yín sí Àbújá ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ ó sun ibẹ̀ mọ́jú ni. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí à ń sùn sí.

Ìlú tiwa náà ti ṣe olú-ìlú rí. Láti Zungeru ni ìjọba Lugard ti kó wá sí Kaduna, àwọn àgbà tó wà níbí sì mọ ìgbà tí Hamdala jẹ́ ilé tí ènìyàn kì í wọ̀ láìwọ aṣọ tó dára. Durbar tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC ọdún 1977, wọ́n ti wó o lulẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Àbújá yàtọ̀. Oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ti dábàá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1991 ni Ààrẹ Babangida tó kó ìjọba kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ti dé ṣáájú ìjọba. Èyí tí a mọ̀ sí Nicon-Noga Hilton, tí wọ́n ń pè ní Transcorp Hilton lónìí, ọdún 1987 ló ṣí, yàrá rẹ̀ sì lé ní 600. Ẹ ò rí nǹkan: yàrá wà fún mínísítà àti òyìnbó, akọ̀wé ìjọba kò rí ibi gbé orí lé.

Ọdún 1992 ni wọ́n gbé mi lọ. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí a san owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ 28 fún òṣìṣẹ́ tí a bá gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Mo gba owó náà. Ṣé ẹ rò pé mo sun hòtẹ́ẹ̀lì? Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ṣe é! Àwa mẹ́rin la há sínú yàrá kan ní Garki Village, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Narayi níbí, mo sì ń wálé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ilé tí mo ń gbé lónìí, owó ọjọ́ 28 yẹn wà nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ó wọ̀ mí lára pé owó tí ènìyàn bá san fún ibi tó kàn fẹ́ di ojú sí, owó òfò ni.

Ìyàwó mi ló ní kí n sọ èyí tó kàn yìí, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ ọ́. Ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé ó ní àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma, èyí tó máa ń jí ìríran ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti jí lọ kì í dá a padà. Ilé ìwòsàn kan ní àárín Àbújá, tí n kò ní dárúkọ, fún wa ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Aago méje òwúrọ̀ ni kí a dé. A lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo wo owó hòtẹ́ẹ̀lì ní Wuse, mo wo ti Utako, mo ní wọn kò ní fi tèmi ra mọ́tò. Ẹnì kan ní ní Mararaba, ìdajì owó yẹn ni wọ́n ń gbà. A lọ sùn ní Mararaba.

Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Mararaba kì í tilẹ̀ ṣe Àbújá, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Òun àti Nyanya ni ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ ń gbà wọ ìlú láàárọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tò sí. A gbéra ní aago mẹ́fà, mo rò pé mo ti tètè jí. Aago mẹ́jọ bá wa ní Nyanya. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú, ebi sì ń pa á nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí a tó dé. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti mú ẹlòmíràn wọlé. N kò dá wọn lẹ́bi, èrò pọ̀. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n rí fún wa, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni. Kí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó pé, ojú òsì ti lọ. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún, òun ló fi ń wò mí báyìí láti orí àga yẹn. Dókítà kò sọ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yẹn ló fà á. Èmi náà kò bi í.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé hòtẹ́ẹ̀lì wo ló dára ní Àbújá, èmi náà á bi í pé, níbo lo ń lọ láàárọ̀? Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ tí à ń pè ní Àbújá. Ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì JAMB tàbí tó ń mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, Bwari ni, kí ló fẹ́ ṣe ní Maitama? Kí ó sùn ní Bwari tàbí Kubwa. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí àgọ́ àgùnbánirọ̀ náà, Kubwa ni. Ẹni tí wọ́n ní kó wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Gwagwalada, ó lé ní 40 kìlómítà sí àárín ìlú, ibẹ̀ ni kí ó sùn. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, tàbí Federal Secretariat, tàbí National Hospital lẹ ń lọ, Garki àti Wuse ló súnmọ́ jù. Bí apá kò bá ká ìyẹn, ẹ wo Utako, Jabi tàbí Gwarinpa. Apá ibẹ̀ ni ẹni tó ti Kaduna bọ̀ máa ń gbà wọlé láti Zuba, kò ní la ìlú já lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó fẹ́ sùn ní Kubwa tó wọ ọkọ̀ ojú irin, ibùdókọ̀ wà ní Kubwa, kí ó má jókòó títí dé Idu kó tún wá máa padà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má san owó kí ẹ tó wo yàrá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ ṣí omi ẹ̀rọ, ẹ fa omi ilé ìyàgbẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú kí ẹ rí i bóyá ó ń dè. Ẹ wo ojú fèrèsé: bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, ṣé ẹ lè gba ibẹ̀ jáde àbí irin ni wọ́n fi dí i pa? Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó bèèrè ìsàlẹ̀. Ẹ bèèrè jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, aago mélòó ni wọ́n ń pa á, níbo ló sì wà, nítorí yàrá tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe yàrá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú mọ́, wọn kò sì ní sọ fún yín bí ẹ kò bá bèèrè.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń fẹ́ ojú. Iye tí wọ́n pè lórí fóònù, ẹ bèèrè bóyá owó VAT wà nínú rẹ̀, ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò, ẹ gba risíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì béèrè fún un kí ẹ tó kúrò. Aago méjìlá ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ wọn ń ní kí àlejò jáde. Bí àkọsílẹ̀ owó tó wà lára ògiri bá ní iye fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ gbé báàgì yín. Mo sun irú rẹ̀ rí láìmọ̀, ní ọdún tí n kò ní sọ. N kò fojú ba oorun títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí mo sì ń jáde ní àárọ̀, mo bo ojú mi bí olè, kí ará ìjọ mi kankan má bàa rí mi níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ti ń gba ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí fóònù báyìí, tí ó ní ilé ìdáná àti pálọ̀. Ó dára fún ìdílé tó pọ̀, ó sì lè rọni lọ́rùn bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún. Àmọ́ àwòrán kì í ṣe ilé. Àwọn kan ti san owó fún ilé tí kò sí. Ẹ rán ẹnì kan tó wà níbẹ̀ kó lọ fi ojú rí i kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Àwọn ìjọ kan náà ní ilé àlejò tó mọ́ tí kò wọ́n, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àlùfáà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ibi yòówù kí ẹ wọ̀, kí ẹnì kan ní Narayi mọ orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá yín, kí awakọ̀ tó gbé yín má mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má dúró ní Berger kí ẹ máa na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó bá ti dé. Ẹ ti gbọ́ nípa wọn chánsì.

Ó ku ilé ẹbí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń sùn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó ń tini lójú ni ìwà tí à ń hù. Onílé ń jẹ èso gbìǹgbìndò, àlejò ní kí a ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ọmọ tó ń gbé yàrá méjì ní Lugbe, tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin dé láìpè é, ẹ jókòó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé kò sí ẹran mọ́. Ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹ mú iṣu lọ, ẹ mú tòmátì Kaduna lọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó padà, kí ẹ sì padà ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tó sì wà ní Àbújá, tó bá jẹ́ àìsàn ló gbé àgbàlagbà wá, ẹ má jẹ́ kó máa wá hòtẹ́ẹ̀lì kiri. Èmi ní ọmọ àbúrò mi kan ní Utako ní ọdún 2018. Ojú ń tì mí láti pè é nítorí n kò lọ sí ìgbéyàwó rẹ̀.

Mo ti bá alága àti akọ̀wé sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní Àbújá tó lè fún ará ẹgbẹ́ wa tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ní ibi sùn, kí ó bi ẹni náà kọ́kọ́, kí ó tó kọ àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé nìkan ni yóò máa tọ́jú ìwé náà. Mo ti kọ ti àkọ́bí mi sí i: Kubwa, yàrá kan, kò ju alẹ́ méjì lọ, ẹ pè é kí ẹ tó gbéra.