Ẹ Má Fi Igi Tòmátò Tó Ti So Tán Sílẹ̀ Lóko

 

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ata ní ọjà Káwo, ẹ ò tíì gbàgbé ọdún 2016. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa kéde pé nǹkan ò fararọ lórí ọ̀rọ̀ tòmátò. Kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, Daniel Manzo Maigari, ní owó apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan ti fò sókè gan-an láàárín oṣù mẹ́ta. Iléeṣẹ́ Dangote tó ń lọ̀ tòmátò ní Kadawa, ní Kánò, ti ilẹ̀kùn pa. Kò rí tòmátò lọ̀.

Ohun tó ba tòmátò jẹ́ lọ́dún yẹn, "Ebola tòmátò" ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yẹn ń ṣi àgbẹ̀ lọ́nà, torí kì í ṣe àrùn rárá. Kòkòrò ni, Tuta absoluta, àfòpiná kékeré tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Abo kan lè yé tó 260 ẹyin. Ẹ já ewé kan, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó ti fẹ́lẹ́, tí ìdin tín-ín-rín wà láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, tí ìgbẹ́ dúdú rẹ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀, òun nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: oògùn tí ẹ ń fín sójú ewé kì í sábà bá a níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ oògùn kan náà lẹ ń fín ní gbogbo ìgbà, yóò mọ́ ọn lára.

Èyí tó jẹ́ àrùn lóòótọ́ ni ti ewé kíká. Eṣinṣin funfun abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, igi tó bá sì ti kó o kò gbóògùn. Ẹ fà á tu.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ìkórè bá ti parí, ẹ má fi igi àti èso jíjẹrà sílẹ̀ lóko. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbé dìgbà tí ẹ ó tún gbìn. Ẹ sun ún, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbin ìgbá tẹ̀ lé tòmátò, oúnjẹ kòkòrò yìí nìyẹn náà. Àlùbọ́sà tàbí àgbàdo ló dáa. Ṣùgbọ́n bí oko yín bá mọ́, tí ti ẹnìkejì ò mọ́, kòkòrò náà yóò fò wá bá yín ni. Ẹ bá ẹni tí ẹ jọ pààlà sọ̀rọ̀ lónìí, kí ẹ jọ ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ fi Háúsá sọ fún un.