Ogójì Yìí, Ogójì Wo Ni?

Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ní Ilo-Awela yìí, fáktìrì ńlá àti ṣọ́ọ̀bù kékeré jọ ń gbé ni. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, tí ẹ̀yà rẹ̀ kò sì sí lọ́jà, ẹ̀ńjíníà á ya àwòrán rẹ̀, oníṣẹ́ lathe á sì gé e láti ara irin. Ẹgbẹ́ wa ní irú èèyàn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wọn la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

Ẹ̀ńjíníà kan nínú wa gbé iṣẹ́ ṣáàfù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ibi tí bẹ́árìn máa jókòó sí jẹ́ 40 mm. Ó kọ nọ́ḿbà kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní 40.002, kò sì gbọdọ̀ ju 40.018 lọ. Àlàfo àárín méjèèjì kò tó ìdajì ìnípọn irun orí kan. Ṣùgbọ́n fọ́tò àwòrán náà ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn nọ́ḿbà kéékèèké yẹn sì dà bí ìdọ̀tí lójú fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka 40, ó gé e, ó fi fẹ́níà wọ̀n ọ́n, ó bá a ní 39.95. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti pé.

Bẹ́árìn wọlé wẹ́rẹ́, kò dúró. Nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, bẹ́árìn ń yọ̀ lórí ṣáàfù títí ó fi jẹ ẹ́. Fáktìrì kò sanwó. Ẹ̀yáwó sì ni owó irin. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ̀ pé èlé kì í sùn. Ẹ̀ńjíníà ní, "Mo kọ ọ́ síbẹ̀." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ogójì ni mo rí." Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn nípàdé.

Ìgbà tí a pè wọ́n jókòó la gbọ́ òótọ́. Oníṣẹ́ lathe rí i pé nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà náà, kò béèrè, kí wọ́n má baà ní kò kàwé. Ẹ̀ńjíníà kò dé ṣọ́ọ̀bù náà rí. Kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò ní maikirómítà tó lè ka irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín gbèsè náà sí méjì dọ́gba.

Ní báńkì, bí iye tí a fi ọ̀rọ̀ kọ sórí ṣẹ́ẹ̀kì kò bá bá ti fígọ̀ mu, a ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń pè wá ní òpè nítorí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí oníṣẹ́ dá àwòrán tí kò yé e padà.

Kì í ṣe Ọ̀tà nìkan. Lọ́dún 1999, ọkọ̀ ojú sánmọ̀ tí NASA fi ránṣẹ́ sí Mars ṣègbé, nítorí pé apá kan fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò, apá kejì sì kà á sí ti mẹ́tíríìkì. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀ńjíníà wa, ẹ gbé bébà gan-an lọ, ẹ mú bẹ́árìn náà dání, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà máa ṣe. Ibi tí kò bá nílò ìwọ̀n tó le, ẹ má béèrè rẹ̀, owó ló ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé irin, ẹ béèrè kí ọ̀bẹ tó kan irin. Bó bá jẹ́ ogún ni wọ́n fẹ́, ẹ ṣe ẹyọ kan, kí ẹ jọ dán an wò.

Abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ló jókòó nídìí tábìlì kan náà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.