Àtúnṣe Àárín Ìlú àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí Ń Gbé Ibẹ̀

  

 Ọ̀rọ̀ àárín ìlú tí ó ń gbó ni ó délẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìlú Àkókó, ìbáà ṣe Ìkún, Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́, mọ̀ pé àárín ìlú ni agboolé àtijọ́ wà. Ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ onílé sì ti gba Èkó, Àkúrẹ́ àti Àbújá lọ. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá ń wá ìtẹ̀síwájú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé kí ìjọba wó gbogbo rẹ̀, kí ó sì tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlú Èkó ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924. Ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti máa tún ìlú ṣe. Ní 1955, bí òmìnira ti ń sún mọ́lé, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó àárín Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé. Lórí ìwé, ètò náà kò burú. Ìjọba yóò ra ilẹ̀, yóò wó ilé, yóò la títì. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè rà á padà ní iye tí wọ́n san fún un, pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún lórí rẹ̀. Wọ́n sì kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n kó kúrò.

Níbo wá ni ètò náà ti há? Lọ́nà kìíní, ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí. Orí púpọ̀ ni wọ́n pín owó gbà-má-bínú sí, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í sábà tó láti ra ilẹ̀ padà, áḿbọ̀tórí kí ó kọ́ irú ilé tí òfin tuntun béèrè. Lọ́nà kejì, àwọn ará àdúgbò takò ó gidigidi. Lọ́nà kẹta, ó dá òwò rú. Peter Marris, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, tẹ ìwé jáde ní 1961. Ó rí i pé àwọn obìnrin oníṣòwò tí ó lọ sí Sùúrùlérè pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ di ìnáwó tuntun, àwọn àgbàlagbà sì jìnnà sí ẹbí tí ń bọ́ wọn. Òmìnira dé ní 1960, iṣẹ́ kò tíì parí.

Kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2007, iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá. Wọ́n gbé àtúnkọ́ rẹ̀ fún aládàáni tí yóò fi owó kọ́ ọ, tí yóò sì rí owó rẹ̀ padà lára ìsọ̀. Oṣù Kẹjọ 2014 ni wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i tán, ọ̀pọ̀ oníṣòwò àtijọ́ ké gbàjarè pé owó ìsọ̀ ju agbára àwọn lọ.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tún wà níbẹ̀. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú dá lé jù, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Agboolé tí kò ní ìwé, tí ilé rẹ̀ sì jẹ́ alámọ̀, kí ni yóò gbà?

Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà á wá pé nígbà tí Kálífà Umar ń fẹ́ mọ́sálásí Ànábì lójú ní Mẹ̀dínà, ilé Abbas wà lójú ọ̀nà. Umar fi ọ̀nà mẹ́ta lọ̀ ọ́: kí ó tà á, kí ó gba ibòmíràn tí wọn yóò kọ́ fún un, tàbí kí ó fi ṣe sàráà. Abbas kọ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Ubayy ọmọ Kaab, ó sì dá Abbas láre: Kálífà kò lè fi ipá gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́sálásí ni. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ Abbas fìdí múlẹ̀ tán ni ó fi ilé náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá dúró de gbogbo ènìyàn, ìlú kò ní gbèrú. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, tí àwọn mìíràn sì ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nítorí owó. Àbòsí ni ìyẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó gba oṣù mélòó kan sàn ju ẹjọ́ tí ó gba ọdún púpọ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàwé, iṣẹ́ wà fún yín kí katakata tó dé. Ẹ bá àwọn àgbà agboolé kọ orúkọ àwọn tí ó ni ilé àti ààlà ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka orí àwọn ayálégbé àti àwọn ìyá tí ń pàtẹ, nítorí wọn kò ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ béèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ètò wá: owó iṣẹ́ náà dà? Níbo ni ọjà yóò wà títí iṣẹ́ yóò fi parí? Èló ni ìsọ̀ yóò jẹ́, ta ni yóò sì kọ́kọ́ gbà á? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé. Bí owó kò bá tó, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí gọ́tà, omi àti ojú ọ̀nà, kí onílé máa tún tirẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀.

Àmáánà ni ìlú jẹ́. Kí Ọlọ́hun fi òye rẹ̀ yé àwọn aṣáájú àti ọmọ ìlú. Àmín.