Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Kó Lọ, Ta Ni Yóò San Owó Ọkọ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà)

 

Ẹ rán àwa méjì lọ sí Dakar, olú-ìlú Senegal, láti bá àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ jókòó. Ẹ ní bí a bá dé kí a wá jíṣẹ́. Iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ lónìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa níbi ìpàdé náà. Ojú ọ̀nà ni a ti bá a pàdé.

A gbéra ní Ìkẹjà, a yà ní Lomé, òru sì ni ọkọ̀ gbé wa balẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti dé Dakar rí ní ọdún 2014. Ó ti fi èkejì lọ́kàn balẹ̀ pé bí a bá ti jáde, a ó wọ takisí, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé ibùsùn. Pápá Yoff ni ó mọ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Léopold Sédar Senghor, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, pè. Inú ìgboro ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé àwọn apẹja. Nígbà tí a bọ́ síta, kò rí ilé, kò gbọ́ ariwo òkun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibí kọ́ o.”

Òótọ́ ni, ibẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n ti kó ọkọ̀ òfurufú èrò kúrò ní Yoff lọ sí pápá tuntun ní Diass. Orúkọ Blaise Diagne ni ó ń jẹ́, ọmọ Senegal aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Faransé ní 1914. Ọdún 2007 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ pápá náà lélẹ̀, ó sì gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ. Láti ibẹ̀ dé àárín Dakar tó kìlómítà 47. Ẹ gé díẹ̀ kúrò lára ọ̀nà Ṣàngó sí Abẹ́òkúta, bí ó ti jìnnà tó nìyẹn.

Onítakisí dá iye kan, ẹnu yà wá. A rò pé ó rí wa ní àlejò ni. Ẹni tí ó ń túmọ̀ fún wa, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ní ìhà Kùtọnù, ní kí a fara balẹ̀. Ọkùnrin náà ka owó rẹ̀ fún wa: owó oníbodè ní àlọ, owó oníbodè ní àbọ̀, epo, àti pé òfìfo ni ó lè bá padà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ ohun tí òfìfo ń ṣe fún ènìyàn. Ó ní nígbà tí pápá wà ní Yoff, òun lè gbé èrò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Nísinsìnyí, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúpẹ́. Kò rẹ́ wa jẹ. Kìlómítà ni ó ń gbówó, òun àti àwa ni a jọ ń san án.

A kò ní bu ohun tí ó dára kù. Dakar wà lórí ilẹ̀ ṣóńṣó tí òkun yí ká ní ìhà mẹ́ta, ilé ti há pápá Yoff mọ́, kò sí ibi tí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn ará Thiès àti Mbour tí wọ́n máa ń la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dakar kọjá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, pápá ti súnmọ́ wọn. Àwọn apẹja Yoff náà ń sùn. Nítorí náà, a kò sọ pé kí wọ́n má kó o. Ohun tí a ń bèèrè ni bí wọ́n ṣe kó o, àti ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Ní ọjọ́ tí a ń padà bọ̀, a bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ tí ó ń gbálẹ̀ ní pápá náà. Pikine ni ilé rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wà ní Yoff, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀. Nísinsìnyí, aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni ó ń jí. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí títì ni ó ń dúró sí. Láti ilé dé títì nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní TER bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2021, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí pápá ti kó, Diamniadio ni ó sì dúró sí nígbà náà, kò dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

A bi í pé, “Ìyá wa, kí ni ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín nígbà tí wọ́n fẹ́ kó?” Ó ní bọ́ọ̀sì ni àwọn bèèrè, wọ́n sì fún àwọn ní bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tí ó rántí bèèrè wákàtí. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń kà fún un lójúmọ́. Ó lé ní mọ́kànlá tí ó fi ń jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí ó sọ èyí, àwa méjì wo ara wa. A rántí ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, tí ó kó láti Ìkẹjà wá sí Ọ̀tà níbí. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Wọ́n fi tapólì bò ó kí òjò má baà pa á. Òṣìṣẹ́ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Àwọn tí ilé wọn wà ní Mushin àti Oṣódì wọ mólúè títí ó fi sú wọn, bí oṣù ti ń parí ni wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kò lé ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò san owó ìdádúró fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ni ó lé wọn.

Ìkẹjà fúnra rẹ̀ kò kó lọ jìnnà. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ńlá Murtala Muhammed ní oṣù Kẹta 1979, ilẹ̀ kan náà ni, ti àtijọ́ sì di èyí tí àwọn kọ̀ńdọ̀ ń pè ní Lókà. Ẹni tí ó bá ṣìnà kàn máa pẹ́ díẹ̀ ni. Ti Ìbàdàn ni ó jọ ti Dakar: láti Sámóńdà nínú ìgboro lọ sí Alákíà. Aerodrome ṣì ń jẹ́ orúkọ àdúgbò ní Sámóńdà, ilé ni ó kún ibẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ìjọba ti kọ́ pápá Gateway sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ẹrù oko sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún. Kò gba ipò Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń gbé ẹrù láti Ọ̀tà lọ sí Ìkẹjà lónìí mọ ìgbà tí yóò padà. Bí mánéjà rẹ̀ bá ní Ìlíṣàn ni kí ó máa lọ ńkọ́? Yálà kí ó gba Abẹ́òkúta yọ sí Ṣàgámù, tàbí kí ó wọ inú Èkó kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Agbádó lọ sí Oyíngbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2024, gba Ìkẹjà kọjá. Ti Ìlíṣàn kò sí lọ́nà rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀ka yìí kọ sínú ìwé àdéhùn nìyí, kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹ̀rọ tàbí ẹrù lọ sí ibòmíràn: pé wákàtí ojú ọ̀nà tí ó bá lé sí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ wákàtí iṣẹ́, kí a san án, pé bọ́ọ̀sì yóò wọ àdúgbò, kì í ṣe títì nìkan, pé ẹni tí kò bá lè tẹ̀lé iṣẹ́ lọ yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ẹni tí a dá dúró. Wọn yóò bi wá pé kí ni ẹ̀rí wa. Nítorí náà, akọ̀wé ti ra ìwé kan, ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí olúkúlùkù kọ aago tí ó jáde nílé àti aago tí ó padà wọlé síbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ ṣáà kọ aago.