A Ti Fi Òjé Bọ Olóòṣà Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Páìpù Omi àti Owó Omi

 Nígbà tí ẹgbẹ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa omi ní Chicago yìí, n kò béèrè ìdí. Kò sí ìlú kankan ní Amẹ́ríkà tí páìpù òjé pọ̀ sí nílẹ̀ tó ibi tí a wà yìí: nǹkan bí 400,000. Òfin ìlú fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé òjé ni kí wọ́n lò, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin dè é lọ́dún 1986.

Ẹ mọ òjé, n kò ní fi ìtumọ̀ pa àkókò. Páìpù kékeré tó ya láti abẹ́ títì wọ inú ilé wá bá mítà ni mò ń wí. Òjé ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ sè é títí kò ní kúrò. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà. Àwọn baba wa ní, a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ohun tí òjé bá bàjẹ́ lọ́pọlọ ọmọ, kò sí dókítà tó lè dá a padà.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá: páìpù kan ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín in sí méjì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn kan jiyàn lórí èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n gbà pé ìlú ló ni páìpù láti títì dé ààlà ilẹ̀, onílé ló ni ìyókù. Wọ́n á ní kí ìlú pààrọ̀ tirẹ̀, kí onílé tó bá lówó pààrọ̀ tirẹ̀. Ní Washington, lẹ́yìn tí wọ́n yí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi padà lọ́dún 2000, òjé gbòde. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ìdajì ẹgbẹẹgbẹ̀rún páìpù, wọ́n fi ìdajì tó wọlé sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé òjé, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á mì, á bá omi lọ; bí wọ́n bá so bàbà mọ́ ọn, òjé tó kù á tún máa yára jẹ. Olówó bọ́, tálákà ń mu ún lọ.

Àwọn mìíràn ní kí a má gbẹ́ ilẹ̀ rárá, kí a kàn máa da fọ́sífétì sómi, á di èèpo sínú páìpù. Òótọ́ ni, n kò jẹ́ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú Flint. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn tí gómìnà yàn lé ìlú náà lórí fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n kúrò lórí omi Detroit, wọ́n bọ́ sórí omi odò Flint, wọn kò sì fi oògùn tó ń dáàbò bo páìpù sí i. Èèpo bó. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ General Motors kọ omi náà nítorí ó ń jẹ irin ẹ́ńjìnnì. Àwọn ènìyàn ń mu ún títí di oṣù kẹwàá ọdún 2015, lẹ́yìn tí Dókítà Mona Hanna-Attisha ka òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé síta. Irin rí ẹni gbèjà rẹ̀ ní odindi ọdún kan ṣáájú ọmọ ènìyàn! Ọwọ́ ènìyàn ló ń da fọ́sífétì, ọwọ́ ènìyàn sì lè yẹ̀. Páìpù tí a bá ti hú kò lè yẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Lansing, níbi tí mo ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbẹ́ ihò kan sí títì, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí mo háyà. Wọ́n ki wáyà irin gba inú páìpù àtijọ́, wọ́n so bàbà tuntun mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ ń fà á: òjé ń jáde, bàbà ń wọlé tẹ̀lé e, bí òwú ṣe ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́. Bàbá òṣìṣẹ́ kan gbé èyí tí wọ́n gé lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, ó sì dán bí fàdákà. Ẹ̀gbà òjé ọwọ́ ìyá mi àgbà, olórìṣà Ọbàtálá, ló sọ sí mi lọ́kàn. Láti 2004 sí 2016, wọ́n hú páìpù òjé tó lé ní 12,000 ní Lansing, nítorí pé iléeṣẹ́ omi jẹ́ ti ìlú, òun ló sì ni páìpù láti títì dé mítà. Kò sí "tèmi rèé, tìẹ rèé."

Newark náà gbọ́n. Lọ́dún 2019, ìjọba ìbílẹ̀ Essex, tí Newark wà lábẹ́ rẹ̀, yá 120 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ náà. Onílé kò san kọ́bọ̀, ayálégbé sì lè ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ láìwá onílé. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó lé ní 20,000 láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

 Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2021 ya 15 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ owó yíyá. Gbèsè tí ìlú bá jẹ, inú owó omi oṣooṣù ló ń bọ́ sí. Nítorí náà, kí ìrànwọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn ju gbèsè lọ, kí wọ́n sì ṣe bíi Philadelphia, tó ń fi ohun tó ń wọlé fún tálákà díwọ̀n owó omi rẹ̀ láti 2017.

Ẹ̀yin tí ẹ nílé tí ẹ ń háyà fún ènìyàn, ẹ má bínú: ẹ ń gba owó ilé lóṣooṣù, ẹ kò mọ páìpù tó wọ ibẹ̀. Lẹ́tà ọ́fíìsì omi ń lọ sínú ìdọ̀tí láìṣí. Kò dára. Ẹ pe 311 kí wọ́n yẹ omi wò. Lálẹ́ òní, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha páìpù tó wọlé bá mítà. Bó bá dán bí fàdákà, tí mágnẹ́ẹ̀tì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Ti ọwọ́ olóòṣà ló ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ti abẹ́ ilẹ̀, wọ́n bọ́ ọ ní Lansing lójú mi.